Ọ̀dà Aláwọ̀ Ewé Tó Wà Lára Gìtá Àkànmú

Ìyìọlá, gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára gìtá yẹn! Mo ní kí o gbé e kúrò! Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọ ọmọ mi, ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà ọ́, o wọ yàrá mi, o já gìtá tí mo fi kọ́ ara ògiri sílẹ̀, o tún mú pépà tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi dání. O ní ọ̀dà ara rẹ̀ nípọn jù, o ní ó ń dí ohùn rẹ̀ lọ́nà, o ní bí o bá ti ha á tán, ohùn náà á mọ́ gaara. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣeré orin kiri ni, àbí? Háà! Ọ̀rọ̀ yìí kan náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, òun náà lẹ tún gbé wá bá mi lọ́jọ́ ogbó. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí ti sú mi. Ó sú mi, ó sú mi, ó tún sú mi.

Ó dáa. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó máa jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, kó má fi ariwo ẹnu rẹ̀ dà mí láàmú. Èmi Ọdẹ́níyì ló fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí lọ́ọ̀ọ́kán tó yà bàrá sínú igbó, èmi tí mo pàdé ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró kan, tó jẹ́ pé ẹkùn náà ló bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun kọjá. Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Ẹ lọ bi ẹkùn náà léèrè bó bá ṣì wà láyé.

Àwẹ̀ró ìyàwó mi, ẹni tí ẹ̀yin ọmọdé mọ̀ sí Ìyá Àgbà, ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo. Àkànmú ni orúkọ rẹ̀, òun ló sì ni gìtá yìí. Bí Àkànmú bá jókòó síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ tó ń ta á, àwọn tó ń ti oko bọ̀ á dúró pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọn ò ní sọ ẹrù kalẹ̀, wọn ò sì ní lọ. Àwẹ̀ró a sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa ṣa ẹ̀fọ́, á máa mi orí. Ibà ló mú Àkànmú lọ. Kò pẹ́ lórí àìsàn rárá, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lọ́kàn ìyàwó mi.

Ẹ wá gbọ́ àṣà ilé àwọn àna mi. Bí òkú wọn bá ti pé ọdún kan, gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ ni wọ́n máa ń kùn lọ́dà tuntun, kó má baà wá bẹ ilé wò kó bá ohun ìní rẹ̀ tó ti ṣá. Mi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá Lákáńlè tó jẹ́ olórí ẹbí wọn kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn, ó ní wọn ò gbọdọ̀ ṣẹ́ ohunkóhun kù nínú garawa náà. Àwọn akunlé kun ilẹ̀kùn Àkànmú, wọ́n kun fèrèsé rẹ̀, wọ́n kun àga rẹ̀, wọ́n kun ọ̀pá tó fi ń lé ewúrẹ́, wọ́n kun àtùpà rẹ̀. Ọ̀dà ò tán. Ni wọ́n bá gbé gìtá, wọ́n kùn ún níwájú, wọ́n kùn ún lẹ́yìn, wọ́n tún kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ajá Àkànmú tètè sá, wọn ì bá kun òun náà.

Ọjọ́ ìrántí pé, ilé kún. Jòṣúà, ọkùnrin tó ń ta gìtá nínú ìjọ, ni Bàbá Lákáńlè ní kó ta á. Ó sì ta á dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò tíì ta á jìnnà tí Àwẹ̀ró fi dìde láàárín èrò, tó gbé ọwọ́ lé orí.

“Ohùn ẹ̀gbọ́n mi kọ́ nìyí! Ẹ̀yin ará ilé wa, kí lẹ fi pa á lẹ́ẹ̀kejì?”

Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹun mọ́. Bí mo bá gbé iyán fún un, á ní òun ti yó. Bí mo bá po ògì, á fi ẹnu kàn án nítorí tèmi, á gbé e sílẹ̀. Eegun èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ìyá rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìnkùlé, èmi náà ń sunkún nínú oko níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí mi.

Kí wá ni àwọn ará ìlú wa ṣe? Ẹ gbà mí o! Ìlú pín sí méjì. Àwọn kan ní ọ̀dà ló pa ohùn gìtá, wọ́n ní igi ò lè mí bí ọ̀dà bá ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní irọ́ ni, wọ́n ní okùn ló ń sọ̀rọ̀, kí ló kan ọ̀dà ńbẹ̀. Wọ́n jà nídìí ẹmu, wọ́n jà ní ojú odò, ọkùnrin kan fa aṣọ àna rẹ̀ ya. Bí ẹnikẹ́ni bá yà kí ìyàwó mi, kò ní béèrè bóyá ó jẹun, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ìyá, ṣé ọ̀dà ni àbí okùn ni?” Mo lé wọn títí ohùn mi fi há.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró pè mí sún mọ́ ẹní rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ bá mi wá ohun tó wà lára gìtá náà kí wọ́n tó kùn ún. Bóyá bí ẹ bá fi pa á, ohùn ẹ̀gbọ́n mi á padà. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó mi.”

Ta ló wá mọ ohun tó wà lára rẹ̀? Ẹni tó gbẹ́ ẹ ni. Àkànmú fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi rí pé iwin kan tó ń jẹ́ Aláyùn ló gbẹ́ gìtá náà fún òun, pé káfíńtà ni iwin ọ̀hún, pé òdìkejì Igbó Ìjiyàn ló ń gbé. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká kan, mo gbé gìtá kọ́ ìkejì. Mo sọ fún ìyá ìyàwó mi pé kó máa fi ògì tọ́ ọ lẹ́nu, mo sì wọ igbó lọ.

Ẹnu igbó náà ni mo ti pàdé wàhálà àkọ́kọ́. Iwin kan dúró gbagidi sójú ọ̀nà, ó ní ẹnu kan níwájú, ó ní ẹnu kejì ní ìpàkọ́, àwọn ẹnu méjèèjì sì ń bá ara wọn jà. Bí wọ́n ṣe rí gìtá ni wọ́n figbe ta.

Ẹnu iwájú ní, “Ọdẹ, dáhùn kí o tó kọjá! Kí ló wọ ẹ̀wù tí kò ní ọrùn, tó ní ọrùn tí kò ní orí, tó ń kọrin tí kò ní ètè?”

Mo ní, “Gìtá ni. Ṣé kí n máa lọ?”

Ẹnu ìpàkọ́ ní, “Dúró! Ẹ̀wù rẹ̀ ló ń kọrin ni, àbí ara rẹ̀?”

Ẹnu iwájú ní, “Ẹ̀wù ni! Bó bá pe ara, màá bù ú jẹ!”

Ẹnu ìpàkọ́ ní, “Ara ni! Bó bá pe ẹ̀wù, màá bù ú jẹ!”

Ṣé ẹ rí i? Mo fi ilé sílẹ̀ nítorí ìjiyàn, ìjiyàn ti ṣáájú mi dé inú igbó. Inú bí mi débi pé ẹ̀rù ò rí àyè bà mí. Mo ní, “Ẹ dáhùn tèmi náà ná. Oúnjẹ tí ẹ jẹ kẹ́yìn, èwo nínú yín ló gbé e mì?” Ẹnu iwájú ní òun ni. Ẹnu ìpàkọ́ ní olè ni ẹnu iwájú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Iwin náà bẹ̀rẹ̀ sí yí po, ó fẹ́ fi ẹnu kan bu ẹnu kejì jẹ, ẹnu kankan ò sì tó èkejì. Èmi gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá.

Ìlú kan ló tẹ̀ lé ìyẹn, Ìlú Dídán ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹsẹ̀ yín bá gbé yín dé ibẹ̀, ẹ bojú. Fáníìṣì, ọ̀dà tó ń mú igi dán, ni gbogbo àwọn ará ìlú náà fi ń para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí oòrùn bá ràn sára wọn, omi á máa dà lójú àlejò. Ẹni tó bá dán jù ni wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹni tí fáníìṣì rẹ̀ bá ti bó kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìlú mọ́, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń kó wọn sí. Ọba wọn dán débi pé mo rí irùngbọ̀n ara mi ní àyà rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé gìtá sílẹ̀. Kíá ni gbogbo ààfin fi ọwọ́ di etí.

Ọba ní, “Ohùn burúkú! Ẹ gbé e jáde!”

Mo ní, “Kábíyèsí, mi ò tíì ta á.”

Ó ní, “A ti rí i!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Wọ́n ti rí i! Wọ́n fi ojú gbọ́ ọ! Ọba ní nítorí pé mo gbé ohun tí kò dán tó wọ ààfin òun, wọn á sè mí nínú ìkòkò títí màá fi di oje, kí wọ́n lè fi mí pa ògiri. Wọ́n ti ń kó igi jọ. Mo rántí Àwẹ̀ró lórí ẹní, mo rántí ògì tó ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbínú sì gùn mí.

Mo ní, “Kábíyèsí, ẹ fi aṣọ di ojú gbogbo yín. Ẹ gbé àwọn gìtá yín tó dán jù wá, kí n ta wọ́n, kí n ta tèmi náà. Bí ẹ bá mọ èyí tó jẹ́ tèmi, ẹ sè mí. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi ọ̀nà ilé Aláyùn hàn mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di ojú wọn. Ẹ má gbàgbé pé èmi ò mọ gìtá ta. Àtàǹpàkò tí mo fi ń fa ìbọn ni mo fi ń ha okùn, gbirin, gbirin. Mo ta èyí tí wọ́n fi oyin pa, wọ́n yínmú. Mo ta èyí tó dúdú tó ń kọ mọ̀nà, wọ́n ní ìyẹn ni ti ọdẹ, kí wọ́n gbé e sọnù. Nígbà tí mo wá ta aláwọ̀ ewé yìí, omijé jáde lábẹ́ aṣọ tó wà lójú Ọba. Ó ní, “Èyí tí a fi oyin pa nìyẹn! Mo ti mọ̀ ọ́n! Mò ń gbọ́ oyin náà!”

Mo ní kí wọ́n ṣí ojú. Wọ́n ṣí i. Wọ́n rí ọ̀dà ilẹ̀kùn Bàbá Lákáńlè lọ́wọ́ mi.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n gbà? Wọn ò gbà! Olóyè kan ní aṣọ ojú ló dí àwọn létí. Òmíràn ní afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ò dára. Ọba ní oyin náà ló fò láti ara gìtá tòun lọ sára tèmi. Wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ọ̀kan lára àwọn tí fáníìṣì wọn ti bó na ìka sí ọ̀nà kan fún mi láti ẹ̀yìn ilé, èmi náà ò sì dúró kí ẹnikẹ́ni. Ìwọ Ìyìọlá, mo rí i pé o fẹ́ bi mí bóyá èmi gbọ́ ìyàtọ̀. Mo gbọ́ díẹ̀. Tàbí mi ò gbọ́. Ìkòkò ti ń hó lẹ́yìn mi, má bi mí ní ìbéèrè kátikàti.

Mo dé ilé Aláyùn. Ojú kan ṣoṣo ló wà ní iwájú orí rẹ̀, ìyẹ̀fun igi bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì gbọ́ kíkí mi tó fi rí gìtá.

Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà lo bá wá, ayùn yìí ni màá fi rẹ́ ọ sí méjì. Gbogbo ẹni tó bá ti la igbó yìí já, ọ̀rọ̀ ọ̀dà! Ẹ̀dá wo ló ṣépè fún yín?”

Ẹ gbọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Láti ilé, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà sú bó ṣe sú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi, mo ní, “Baba, kì í ṣe ìjiyàn ni mo bá wá. Ìyàwó mi ń kú lọ.” Mo sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbé ayùn sílẹ̀.

Mo ní, “Ẹ ṣàánú mi. Kí lẹ fi pa gìtá yìí nígbà tí ẹ gbẹ́ ẹ tán?”

Ó ní, “Àdín.”

“Àdín wo?”

“Àdín! Àdín tí ìyàwó mi fi ń pa ara. Òun ló wà nítòsí lọ́jọ́ náà.”

Mo jókòó sílẹ̀, mo ké. Àdín! Ẹ̀yìnkùlé mi ni ìyá ìyàwó mi ti ń yan ẹ̀kùrọ́, tó ń sè é, tí òórùn rẹ̀ ń lé mi jáde nílé! Mo fi àdín sílẹ̀ nílé, mo gba abẹ́ apá iwin kọjá, wọ́n fẹ́ sè mí di oje, nítorí àdín! Mo fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Aláyùn dúró kí n ké tán.

Ó gba gìtá lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná kan ikùn rẹ̀, ó tẹ́tí. “Ọ̀dà yìí nípọn lóòótọ́. Ó mú ohùn rẹ̀ wúwo díẹ̀. Èmi gbọ́ ọ, nítorí etí yìí ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tó tó báyìí ò lè mú kí èèyàn má jẹun mọ́. Ta ló ta á lọ́jọ́ ìrántí?”

“Jòṣúà ni. Ó mọ̀ ọ́n ta.”

“Ta ló wá sọ pé ohùn náà ti yí padà?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Báwo lòun ṣe mọ ohùn náà tó bẹ́ẹ̀?”

Mo ní, “Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, agolo ni òun àti Àkànmú kọ́kọ́ fi ṣe gìtá. Àkànmú á máa ta okùn, òun á máa bá a tẹ okùn lọ́rùn gìtá náà. Òun ló ń wá ibi tí orin wà. Nígbà tó di wúńdíá, bàbá wọn ní obìnrin ilé àwọn kì í fọwọ́ kan gìtá. Láti ìgbà náà ni kò ti fọwọ́ kàn án mọ́.”

Aláyùn fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wò mí. Ó gbá itan ara rẹ̀ pẹ̀ẹ́.

“Ọdẹ! Ìdajì ohùn tí ò ń wá kiri wà lórí ẹní nílé rẹ! O wá gbé gìtá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ń gbé e sáré nínú igbó! Dìde! Máa lọ kí o tó bá òkú rẹ̀!”

Mi ò dúró dúpẹ́. Mo sáré. Iwin ẹlẹ́nu méjì ṣì ń yí po lẹ́nu igbó, mo fò ó kọjá. Nígbà tí mo dé ilé, èrò ti wà lójúde, Bàbá Lákáńlè sì ti jókòó sí yàrá bí ẹni tó ń dúró de ohun kan. Àwẹ̀ró ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn, ṣùgbọ́n ó ṣí i nígbà tí mo pe orúkọ rẹ̀. Mo gbé e jókòó, mo fi àyà mi ṣe ìfẹ̀yìntì fún un, mo sì gbé gìtá lé e lẹ́sẹ̀.

Bàbá Lákáńlè ní, “Àna wa, obìnrin ilé wa kì í...”

Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ìbọn mi, mo tún wo ojú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le tó bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ òsì Àwẹ̀ró gun ọrùn gìtá lọ díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ okùn kan, ó kúrò níbẹ̀, ó tẹ òmíràn. Ó dúró, bí ẹni pé ó ń retí kí ẹnì kan bá òun ta á. Kò sẹ́ni tó ta á. Ó wá mú ọwọ́ ọ̀tún wá, ó ta á fúnra rẹ̀. Mo fi Ògún búra fún yín, Àkànmú ló fọhùn nínú yàrá náà. Nínú gìtá tí wọ́n fi ọ̀dà ilẹ̀kùn kùn! Ìyá rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé tòun ti ṣíbí tó fi ń ro àdín, ó sì wó lulẹ̀, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Èmi tí mo rí ẹkùn tí mi ò mira, mo sunkún níṣojú àwọn àna mi, mi ò sì nu ojú.

Nígbà tó ta á tán, ó ní, “Ebi ń pa mí.”

A gbé ẹ̀kọ wá, ó jẹ ẹ́. A gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá, ó jẹ ẹ́. Ó ń jẹ, ó ń wo gìtá. Ó wá ní, “Ọkọ mi, ọ̀dà yìí ṣì ń dí ohùn rẹ̀ lọ́nà díẹ̀ o.”

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo di orí mi mú kó má baà fọ́. Mo ní, “Àwẹ̀ró! Ṣé kí n ha á kúrò? Ṣé kí n fi àdín pa á?”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Àkànmú ti kú. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ mi á ha á.”

Ìyìọlá, gbé gìtá yẹn wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wo ikùn rẹ̀ lápá ibí yìí, níbi tí apá ọ̀tún máa ń gbé lé. O rí i pé ọ̀dà ti tán níbẹ̀, igi ti yọjú? Wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò òsì máa ń gbà. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀ mọ́, ó sì ń dán. Pépà kankan ò kan ibẹ̀ rí. Àwẹ̀ró ló ta á lójoojúmọ́ títí ó fi di ìyá arúgbó, títí ó fi fi mí sílẹ̀ níjelòó. Gbogbo ibi tí o rí ọ̀dà sí yẹn, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dé ni.

Nítorí náà, sọ pépà yẹn nù. Jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Gbé apá rẹ sójú ibi tó ti bó yẹn, fi àtàǹpàkò rẹ sójú ibi tí tirẹ̀ ti gbà. Bí ọ̀dà tó kù bá ń bí ọ nínú, máa ta á títí á fi tán. Kí lò ń wò mí sí? Ta á, mò ń gbọ́.